Ọkọ̀ Asáré Tòkunbọ̀: Ọwọ́ Tí Ó Tú U Ni Kí A Yẹ̀ Wò

Láti ọwọ́ Ọmọ Olówu

Ẹni tí ó bá ti dúró rí ní ẹ̀bá òpópónà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin Ìkirè ti ń kiri dòdò wọn fún àwọn èrò ọkọ̀, yóò ti gbọ́ igbe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó fi ojú rí i: ọkọ̀ asáré onílẹ̀kùn méjì, ìbáà ṣe Honda Prelude, ìbáà ṣe Toyota Celica, tí a ti yọ sálẹ́ńsà rẹ̀ dànù, tí a ti rẹ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi àyà wọ́, tí a sì fi gíláàsì dúdú bò lójú bí eégún. Bí olówó rẹ̀ bá wá ní òun fẹ́ tà á, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àpòmù tàbí Orílẹ̀-Òwu sì ń ka owó tí ó ti tù jọ, ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà sábà máa ń fún un kò ju ọ̀kan lọ: kí ó wo míta, bí ọkọ̀ náà bá sì ti rin ìrìn púpọ̀, kí ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣẹ̀ ni ó ń nà.

Ìrìn púpọ̀ kì í ṣe àrùn. Ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá ń fi máìlì ka ìrìn rẹ̀, èyí tí ó ti Jámánì wá ń fi kìlómítà ka tirẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó rí 150,000 lójú míta ti àkọ́kọ́, tí ó sì rò pé ó kéré sí 200,000 ti èkejì, ti ṣi ìṣirò, nítorí 150,000 máìlì kò dín ní 240,000 kìlómítà. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí a ń pààrọ̀ òróró rẹ̀ lásìkò, tí ó sì ń rin ọ̀nà jíjìn láìkánjú, a máa pẹ́ ju èyí tí a ń tàn tí a ń pa láàrin ìgboro kí ara rẹ̀ tó gbóná tán. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé àtúnṣe tí ó ti gbó ni àkísà ọkọ̀, ọkọ̀ tí ó bá sì ní in sàn ju èyí tí míta rẹ̀ kéré tí kò ní ìtàn kankan. Míta ṣeé yí padà. Rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì tí ó ti jẹ tán kì í purọ́. Láti ọdún 1981 ni ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní nọ́ńbà ṣáṣì oní-àmì 17, a sì lè fi í wá ìwọ̀n ìrìn tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà lọ́hùn-ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ọwọ́ tí ó tú ọkọ̀ náà tí ó sì tún un tò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì ti wọn ohun tí písítìnì àti gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè fara dà. Ẹni tí ó so tọ́bò mọ́ ọn, tàbí tí ó tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe kí ó lè máa fa epo àti afẹ́fẹ́ sí i, ti jẹ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹni tí ó bá rà á ni yóò sì san gbèsè náà. Ti epo tún ń bẹ níbẹ̀: ìlànà Nàìjíríà gba pẹtiróò tí òǹkà ọkíténì rẹ̀ jẹ́ 91, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, epo 98 ni wọ́n fojú sùn. Epo tí kò tó bẹ́ẹ̀ yóò máa gbiná kí àkókò tó tó, a óò máa gbọ́ kan-kan-kan nínú ẹ́ńjìnnì, písítìnì yóò sì là níkẹyìn. Kí olùrà má ṣe jẹ́ kí ariwo gbé e lọ. Kí ó bẹ mẹkáníìkì kí ó wọn ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá sì kéré jìnnà sí àwọn yòókù, ẹjọ́ ti tán. Kí ó fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan ojú ihò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, èyí tí ó ti di dandan nínú ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà láti 1996, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé alárékérekè lè ti pa gbogbo àmì àìsàn rẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Nítorí náà kí ó wà á dé Gbọ̀ngán kí ó sì padà, kí ó tó tún un yẹ̀ wò.

Ilẹ̀ tí ọkọ̀ yóò máa rìn náà ní ọ̀rọ̀ í sọ. Ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀ fún títì Jámánì kò ní pẹ́ fi ìdí gbá ọ̀nà abúlé kòkó ní agbègbè Orílẹ̀-Òwu, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ yóò kú, mẹkáníìkì Ìkirè tí ó lè tú Corolla láìla ojú yóò sì máa ránni lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Gate ní Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ ní Múṣin, fún ohun tí ọlọ́jà pàápàá kò mọ̀, nítorí pé ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Eré tí a fi owó rà náà kò sì ṣeé sá, nítorí òfin kò gbà ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú òpópónà. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn yìí kan náà wà lára ohun tí ó sún Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká dé ìdí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988. Gíláàsì dúdú, ẹ̀wẹ̀, ti wà lábẹ́ òfin láti 1991.

Ẹni tí ń tà yóò ní òun ti ná owó rẹpẹtẹ lé e lórí. Òótọ́ ni; owó náà sì ti lọ. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àtaare ni ó dá ìjà sílẹ̀ ní ọjà Àpòmù, ìjà tí ó di ogun tí ó fọ́ Òwu, nítorí náà kò yẹ kí ojú ti ọmọ Olówu láti dúró ti ìdúnàádúrà. Iye tí ó tọ́ sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iye Celica tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, kí a sì yọ owó tí a óò fi dá a padà sí ipò rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí olówó ọkọ̀ bá gbà, tí ó kó àwọn ẹ̀yà tí ó tú sílẹ̀ jáde, tí ó sì júwe ẹni tí ó ṣiṣẹ́ náà, kí a rà á, ìbáà ti rin ìrìn tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, tí ó sì ní ìyẹn kò ṣe nǹkan kan, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kó owó rẹ̀ sápò, kí ó wọ ọkọ̀ èrò padà sílé.