Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Gbìn sí Àgbàlá

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin alákọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ àgbàlá ni a mú wá lóṣù yìí. Òdòdó ilẹ̀ òkèèrè ni ó kún iwájú àwọn ilé ńláńlá tí a ń kọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, tí a kò pọn omi sí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, púpọ̀ nínú wọn a rọ, owó onílé a sì ṣòfò.

A kò bá òdòdó jà. Ṣùgbọ́n kí ni pèrègún ṣe tí a fi kọ̀ ọ́? Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ kan, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, ó parí. Òun ni àwọn baba wa fi ń pààlà, a sì máa dúró títí ẹni tí ó gbìn ín yóò fi di baba ńlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewúro: bí a ti ń já a fún ọbẹ̀ ni ó ń rúwé sí i. Ewúrẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ ọ fún.

Ti akòko ni ó dùn wá jù. Ewé rẹ̀ ni a fi ń joyè, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò sì rẹwà. Síbẹ̀, mélòó nínú àwa tí a ti fi ewé yìí lé lórí ni ó ní igi rẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé? Sìmẹ́ńtì ni a dà bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀pá akòko pàápàá a máa hù bí a bá rì í mọ́lẹ̀. Kí olóyè kọ̀ọ̀kan gbin ẹyọ kan kí òjò ọdún yìí tó dá, kí ó sì jìnnà díẹ̀ sí ògiri, nítorí igi gíga ni.