Àpótí Ẹja Tó Ń Jò àti Iye Iṣẹ́ Ọwọ́

Àpótí onígíláàsì tí a fi ń sin ẹja ọ̀ṣọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní akuéríọ́ọ̀mù, kì í sábà jò nítorí pé gíláàsì rẹ̀ gbó. Sílíkónì ló máa ń gbó, ìyẹn àtè bíi rọ́bà tó so gíláàsì kan mọ́ èkejì, tó sì dí igun inú kí omi má baà ráyè jáde. Yorùbá a máa fi ọkàn ara wọn balẹ̀ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, ṣùgbọ́n níbi ọ̀rọ̀ yìí, agbè gan-an ló ń jò, olówó rẹ̀ sì ní láti pinnu bóyá kí ó tún un lẹ̀ tàbí kí ó ra òmíràn.

Ohun èlò àtúnṣe kò tó nǹkan. Iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀. Nítorí pé sílíkónì tuntun kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ èyí tó ti gbẹ, a kò lè kàn fi í bo ojú ibi tó ń jò. A ní láti fi abẹ ha gbogbo ti igun inú kúrò, ká nu ojú gíláàsì mọ́, ká fa tuntun sí i, ká sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ tó jọ ti fínígà yóò fi tán, ká tó rọ omi sí i láti dán an wò. Bí ó bá jẹ́ sílíkónì àárín gíláàsì méjì, èyí tó gbé àpótí ró, ló ti ń ṣí, àfi kí a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

William Baumol àti William Bowen, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1966, nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí eré ìtàgé àti orin, pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò lè mú yá a máa wọ́n sí i bí owó iṣẹ́ bá ṣe ń ga níbòmíràn. Fífi abẹ ha sílíkónì jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ilé ìtajà kan ti máa ń ta àpótí kékeré ní dọ́là kan fún gálọ̀nù kan lásìkò ẹ̀dínwó nígbà kan rí, owó iṣẹ́ wákàtí kan lè ra odindi àpótí. Nàìjíríà yàtọ̀: láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa pinnu iye náírà ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí 470 náírà, ó sì kọjá 1,500 ní 2024, bẹ́ẹ̀ ni owó iṣẹ́ kò bá a sáré, èyí tó mú kí àtúnṣe lérè ju ọjà òkèèrè lọ.

Ewu kò gbọ́dọ̀ yọ kúrò nínú ìṣirò náà. Àpótí tó gùn ní 100 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 50, gba 200 lítà omi, ìyẹn 200 kílò, agbára tí omi fi ń ti gíláàsì síta sì ń pọ̀ bí omi bá ṣe jìn tó. Owó tí a ti fi ra àpótí náà kò sí lára ohun tó yẹ ká rò mọ́, nítorí kò sí ìpinnu tó lè dá a padà. Ohun tó kù ni iye àtúnṣe, iye tuntun, àti iye ilẹ̀ ilé tí omi lè bà jẹ́. Àpótí ńlá tí gíláàsì rẹ̀ kò sán yẹ fún wàhálà yìí. Èyí tó bá sán, kí a fi fún ìjàpá, tí kò nílò kí omi kún inú ilé rẹ̀.