Irọ́ Ni Pé Ìsinmi Ní Í Dá Alùpùpù Àtijọ́ Sí

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn tí ó ní alùpùpù Jámánì ayé ìgbà kan, tí wọ́n ń fi í lé ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni ń fi ogún ìdílé lé àrẹ̀mọ lọ́wọ́, pé bí a bá fẹ́ kí irú rẹ̀ pẹ́ láyé, kí a nù ún kí ó máa dán, kí a da aṣọ bò ó, kí a sì jẹ́ kí ó máa sùn. Irọ́ ni.

Kí n má baà máa sọ̀rọ̀ lófuurufú, ẹ jẹ́ kí n mú R25/3 ti ilé iṣẹ́ BMW ṣe àpẹẹrẹ, adúmáadán onílà funfun, ọmọ bíbí ìlú Munich, tí wọ́n ṣe láti 1953 sí 1956. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí bọ́ǹbù ti sọ ilé iṣẹ́ náà di àlàpà, tí àwọn aṣẹ́gun sì ka alùpùpù ṣíṣe léèwọ̀ fún wọn, ìkòkò ìdáná ni wọ́n ń rọ. Nígbà tí a sì tún fún wọn láyè, ẹ́ńjìnnì kékeré nìkan ni, R24 sì ni àkọ́bí wọn ní 1948. Àbúrò rẹ̀ ni R25/3: sìlíńdà kan ṣoṣo, 247 cc, agbára ẹṣin 13, kì í ṣe ṣéènì, ọ̀pá irin ni ó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Òṣìṣẹ́ ni ó ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. A kò rọ ọ́ fún yàrá ìṣúra.

Ẹ wo ohun tí oorun ń fi ṣe é. Epo tí ó kù nínú kábúrétọ̀ yóò gbẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tí kò bá lè gbẹ yóò sì dì bí oje igi sẹ́nu ihò jẹ́ẹ̀tì tí kò fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Epo E10 tí wọ́n ń tà ní Jámánì láti 2011 ní ọtí nínú, ọtí náà a sì máa fa omi mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni táńkì yóò ṣe máa dípẹtà láti inú wá nígbà tí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán yinrin. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Wọn á ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe àgbà ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wọn pé ìpatì ni ẹ̀sọ̀? Àwọn kan tilẹ̀ wà, tí wọ́n rò pé àwọn gbọ́n ju ìyókù lọ, tí wọ́n ń ta á jí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó kùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ilé, kí wọ́n tún pa á. Kàkà kí ó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin! Lítà epo kan tí ó bá jó, omi tí ó tó nǹkan bí lítà kan ni yóò bí. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa, omi náà yóò bá èéfín jáde, ṣùgbọ́n bí ó bá tutù, apá kan yóò yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnnì lọ sínú ọ́ìlì, yóò sì máa jẹ irin bí ikán ti í jẹ igi. Ọ́ìlì ọ̀hún kò ju lítà kan àti díẹ̀ lọ, kò sì sí asẹ́ bébà ti òde òní tí yóò fọ̀ ọ́ mọ́.

Èmi náà ti gba irọ́ yìí gbọ́ rí. Ẹni tí ó ta ọ̀kan fún mi yangàn pé ọdún mẹ́jọ ni kò fi kan títì. Mo yọ̀, mo sanwó gọbọi. Nígbà tí mo tú u, ohun tí mo bá nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò jọ ọ́ìlì mọ́, àmàlà àná ni.

N kò ní kí ẹ máa gùn ún nígbà òtútù Jámánì, nígbà tí wọ́n bá da iyọ̀ sójú títì nítorí yìnyín. Ṣùgbọ́n kí ó tó sùn, ẹ gùn ún kí ó gbóná, ẹ da ọ́ìlì rẹ̀ nù ní gbígbóná, ẹ rọ tuntun sí i, ẹ rọ epo kún táńkì dé ẹnu, ẹ gbọ́n kábúrétọ̀ gbẹ, kí ẹ sì gbé bátìrì fólítì 6 rẹ̀ wọlé, kí ẹ máa fún un ní iná. Bí oṣù kẹrin bá dé, ẹ má ṣe nù ún nìkan: ẹ gbé e dójú títì, ẹ gùn ún fún ìdajì wákàtí ó kéré tán kí ẹ tó pa á, kí ẹ sì tún gùn ún lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.