Ẹran fún bàbá, oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ: ó tó gẹ́ẹ́!

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Kánò, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n a máa sọ ọ́, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ wo àwọn ọmọ wa ní Sábọ́n Gàrí dáadáa. Ọmọ á jí láàárọ̀, á ti rẹ̀ ẹ́. Á máa sùn nínú kíláàsì. Tó bá sáré díẹ̀, á máa mí hẹlẹ. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Òmíràn á máa jẹ erùpẹ̀ àti ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á nà án. Tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bá wá funfun, àwọn kan á ní àwọn ayé ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ni wọ́n á bá gbé e lọ sórí òkè. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó dá àjẹ́ lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo inú àwo ọmọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé kan tàbí méjì. Nínú ìwádìí ìlera NDHS tí wọ́n ṣe yí Nàìjíríà ká ní ọdún 2018, nínú ọmọ 100 tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59, àwọn 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Nínú obìnrin 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, àwọn 58 ni. Ẹ tún un kà.

Kí ló ń fà á? Ibà ń fà á, aràn ń fà á, fòníkú-fọ̀ladìde náà ń fà á. Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní ìkáwọ́ òbí jù ni oúnjẹ tí èròjà irin inú ẹ̀ kò tó. Irin yìí ni ara fi ń ṣe ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n, òun ló sì ń gbé atẹ́gùn tí a mí sínú lọ sí ọpọlọ àti gbogbo ara. Tí kò bá tó, ó máa rẹ ọmọ, ìwé ò ní wọ orí ẹ̀.

Ọmọ tuntun máa ń gbé irin tiẹ̀ wá láti inú ìyá, ṣùgbọ́n tó bá fi máa pé oṣù 6, ìyẹn ti ń tán lọ, ọmú nìkan ò sì lè tó mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn kan á wá máa fún un ní ògì lásán láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Nígbà tí ọmọbìnrin bá sì bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára ẹ̀ lóṣooṣù, ó sì tún ń dàgbà. Láàárín ọdún 14 sí 18, mílígíráàmù irin 15 ló nílò lójúmọ́. Ọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ nílò 11. Síbẹ̀ òun ló ń lọ ata, òun ló ń se ọbẹ̀, omi ọbẹ̀ ni wọ́n á bù fún un.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Bàbá á jẹ ẹran mẹ́ta, ọmọ á máa lá eegun. Wọ́n á ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹran á di olè. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń jí owó ìlú kó, ṣé ẹran ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn ní kékeré ni? Àwọn baba ńlá wa tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Irin inú ẹran, ẹja àti ẹ̀dọ̀ ni ara ń rí gbà jù. Kódà, tí ẹran tàbí ẹja díẹ̀ bá wà nínú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, ó máa ń jẹ́ kí ara rí irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ náà gbà dáadáa.

Àwọn tó fi ẹran du ọmọ yìí kan náà ló máa ná owó ńlá lórí málítì àti mílíìkì. Àwọn míì á tún po tòmátò inú agolo mọ́ ọn, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wo? Málítì ò ní irin tó nǹkan, kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì sì máa ń dí irin lọ́nà kó má wọ ara. Zobo pọ́n, epo pọ́n, tòmátò pọ́n. Pípọ́n kọ́ ni ẹ̀jẹ̀. Tó bá jẹ́ pípọ́n ni, àwọn tó ń ta osùn ì bá ti di dókítà.

Ọ̀rọ̀ shayi náà wà níbẹ̀. A ò bá mai shayi kankan jà o. Lásìkò ọyẹ́, ta ni kò mọ̀ pé shayi gbígbóná dára? Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú un korò díẹ̀ yẹn máa ń so mọ́ irin inú oúnjẹ, wọ́n á sì jọ gba ìgbẹ́ jáde. Ọmọ jẹ ẹ̀wà tán, ẹ gbé shayi lé e: ẹ ti gba ohun tẹ́ ẹ fún un padà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan sí méjì. Ọsàn tàbí gúáfà ni kẹ́ ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ, torí fítámì C inú wọn ń ran irin lọ́wọ́ láti wọ ara.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? A ò sọ pé kò wúlò. Tí dókítà bá ní kí ọmọ lò ó, kó lò ó. Ohun tí a ń bá jà ni kẹ́ ẹ máa rà á ní kẹ́míìsì láìṣe àyẹ̀wò. Tó bá jẹ́ ibà tàbí aràn ló ń pa ẹ̀jẹ̀ ọmọ ńkọ́? Tó bá jẹ́ SS ni ńkọ́? Irin tó bá pọ̀ jù tún máa ń ṣe ọmọ kékeré bíi májèlé, ó lè gbẹ̀mí ẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ìgò ẹ̀ sílẹ̀ níbi tọ́wọ́ ọmọ ti lè tó o.

Àwọn kan á ní, "Kò sówó." A gbọ́. Ọjà le, a jọ ń ná an ni. Ṣùgbọ́n ní Kánò tí Dáwánau wà, ṣé ẹ̀wà ló máa wọ́n wa? Ẹ rẹ ẹ́ sómi kẹ́ ẹ tó sè é. Ẹ lọ ẹja gbígbẹ kúnná sínú ògì ọmọ ọwọ́. Zógálè tí àwọn ará ibí ń jẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀, kó tiẹ̀ má ju ìdajì ọwọ́ lọ, sàn ju páálí málítì lọ. Ẹgbẹ́ tó lè ra aṣọ ẹbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, tó ń pa màlúù níbi ìsìnkú, kò lè bá wa sọ pé òun ò lówó ẹja ọmọ.

Ohun tí a ń béèrè ò le. Kí gbogbo ẹgbẹ́ ìlú gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sípàdé oṣù yìí. Kí wọ́n yọ nínú owó ayẹyẹ, kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì wá ṣe àyẹ̀wò PCV fún àwọn ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, tí tiẹ̀ bá wà lábẹ́ 33, ẹ gbé e lọ sọ́sípítù. Láti ọdún 5 sí 11, 34 ni. Láti ọdún 12 sí 14, 36. Ẹ béèrè oògùn aràn. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi dókítà léèrè irin oníhóró fún àwọn ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù.

Àti ẹ̀yin bàbá: lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó mú ẹran kejì, ẹ fi ìkan sí àwo ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ yẹn wá fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú. Ẹ bá wa pín in káàkiri o.