Orúnkún Ilé, Oníṣègùn Òkèèrè

Bí orúnkún bá ń dun ènìyàn ńlá ní ilẹ̀ yìí, pápákọ̀ òfurufú ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ. Lọ́ńdọ̀nù ni, tàbí Íńdíà. Àwọn ará ilé a sì máa fi í yangàn, àfi bí ẹni pé oyè ni bàbá lọ jẹ.

Kí ni wọ́n ń lọ ṣe lọ́hùn-ún? Oníṣẹ́ abẹ yóò gé ojú egungun tí ó ti jẹ kúrò, yóò fi irin àti ike líle rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní Ìgbóbì, l'Ékòó, níbi tí a ti ń tọ́jú egungun láti 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun Hitler ń padà bọ̀ wá sílé.

Iṣẹ́ abẹ kò sì ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wàhálà kù: kí a máa ká ẹsẹ̀, kí a máa nà án, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí orúnkún má baà gan. Ta ni yóò ṣe èyí fún ẹni tí ó ti padà sí Adó-Èkìtì? Jíjókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfurufú láìpẹ́ sí iṣẹ́ abẹ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣí dé ẹ̀dọ̀fóró, ó di ọ̀rọ̀ ikú. Bí ojú abẹ bá sì kẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ilé ìwòsàn tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú náà ni wọn yóò sáré gbé e lọ.

Wọn yóò ní iná ń kú, dókítà ń daṣẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó fi owó òógùn ara rẹ̀ wá ìwòsàn kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ń fi owó ìlú lọ ni ẹjọ́ kàn. Ní Àbújá, ní 2001, àwọn ìjọba Áfíríkà ṣèlérí láti máa ná ìdá 15 nínú 100 owó ìsúná wọn lórí ìlera. Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀ rí. Òfin Ìlera ti 2014 ní a kò gbọdọ̀ fi owó ìjọba rán òṣìṣẹ́ ìjọba lọ gba ìtọ́jú lókèèrè, àyàfi bí ọ̀ràn bá ṣàrà ọ̀tọ̀ tí ìgbìmọ̀ oníṣègùn sì fọwọ́ sí i. Ní 2017, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn òfin náà, Ààrẹ Buhari lo ju 100 ọjọ́ lọ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àìsàn tí a kò dárúkọ fún ará ìlú.

Dókítà tí yóò sì dúró tì wọ́n lọ́hùn-ún lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tí a fi owó ìlú kọ́ ní Ìbàdàn!

Kí aṣòfin tí orúnkún ń dùn lọ tò sórí ìlà ní Ìgbóbì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Iná kò ní í kú lọ́jọ́ náà.