Ẹni Tó Fẹ́ Ra Típà Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin oníṣòwò àti olùkọ́ tó fẹ́ fi owó àjọ ra típà àlòkù fún iṣẹ́ yanrìn ní Ọ̀tà àti Sango ni mo ń bá wí.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ wo irin gígùn tó gbé ọkọ̀ ró, bóyá ó ti là tí wọ́n jó o pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbé ẹ̀yìn sókè lójú yín tòun ti yanrìn, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Èyí tó gbé òfìfo lè kọ ẹrù.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló le jù. Ìdí-Ìrókò kò jìnnà sí wa, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù January 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á fún yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ bèèrè ìwé owó ibodè. Bí àwọn aṣọ́bodè bá gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹ kò ní rí ẹni tó tà á mọ́, àwọn tí ẹ jọ dájọ yóò sì máa bèèrè owó wọn.

Ẹ má sì ná gbogbo owó tán lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni púpọ̀ nínú wọn ní, táyà kì í sì í dúró de ọjọ́ owó.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.