Ọkọ̀ Òfurufú Aládàáni: Ta ni Yóò Máa Tún Un Ṣe?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní ilẹ̀ wa, àwọn ńláńlá tí ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n inú àwọn kéékèèké tí kò gbà ju ènìyàn mẹ́rin lọ, tí ẹ́ńjìnnì wọn ń fi písítìn ṣiṣẹ́ bí ti mọ́tò, ni awakọ̀ òfurufú ti ń kọ́ iṣẹ́. Amẹ́ríkà ni irú wọn pọ̀ sí jù lọ, ibẹ̀ ni a ó sì ti kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń ná ènìyàn láti ní ọ̀kan.

Ní 1956 ni ilé iṣẹ́ Cessna ní Kansas bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí wọ́n pè ní 172. Ó ti lé ní 44,000 tí wọ́n ṣe. Kò sí ọkọ̀ òfurufú mìíràn láyé tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1978, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ta ọkọ̀ òfurufú aládàáni tí ó lé ní 17,000. Ní 1994, iye náà kò pé 1,000. Ẹjọ́ wà lára ohun tí ó fà á. Bí ọkọ̀ tí a ṣe ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn bá já, wọn a pe ẹni tí ó ṣe é lẹ́jọ́. Cessna dáwọ́ àwọn onípísítìn dúró ní 1986, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ àfi lẹ́yìn tí Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin kan ní 1994, èyí tí ó fi ọdún 18 ṣe òpin irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí àlàfo yìí, àlòkù tí ó ti lé ní ogójì ọdún ni ọ̀pọ̀ ń rà. Ọlọ́gbọ́n a ka ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kí ó tó wo ọ̀dà ara rẹ̀: wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe, ọwọ́ ẹni tí ó tún un ṣe, àti bóyá a ti mú gbogbo àṣẹ àtúnṣe ìjọba ṣẹ. Ẹnjiníà tí kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á ni yóò sì bá a tú u wò. Òfin ibẹ̀ béèrè àyẹ̀wò kíkún lẹ́yìn oṣù 12 kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a fi ń gbé èrò tàbí kọ́ni fún owó, lẹ́yìn wákàtí 100 pẹ̀lú. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Lycoming, wákàtí 2,000 tàbí ọdún 12 ni àwọn tí ó ṣe é dá pé kí a tú u palẹ̀.

Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà kì í gbà gbọ́ pé ìjókòó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ju fífò lọ. Nínú Lycoming, òkè ni irin tí ń ṣí fáàfù wà. Bí ọkọ̀ bá dúró fún oṣù mélòó kan, ọ́ìlì a ro kúrò lára rẹ̀, ọ̀rinrin a sì mú kí ó dípẹtà. Olówó tí ó tì í mọ́lé kí ó má baà gbó, òun gan-an ni ó ń gbó o.

Ti epo tún wà níbẹ̀. Ayé ti mú òjé kúrò nínú epo mọ́tò pátápátá ní 2021, síbẹ̀ ó ṣì wà nínú epo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní 2023, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ àyíká kéde pé èéfín rẹ̀ léwu fún ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n òfin 2024 ní kí àwọn pápá tí ń tà á má ṣe dáwọ́ dúró títí di òpin 2030, àfi bí epo mìíràn tí ó yẹ bá rọ́pò rẹ̀. Lójú tiwa, ó pẹ́ jù. Ọmọ tí ń gbé létí pápá kò ní ọkọ̀ òfurufú kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Láti 1964 ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òfurufú wa ti wà ní Zaria, tí ó ń kọ́ awakọ̀ àti ẹnjiníà, òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì àti epo olójèé sì ti ń wá. Diamond ti ilẹ̀ Austria ń ṣe ọkọ̀ onípísítìn tí ń jó epo àwọn ọkọ̀ ńlá, èyí tí ó jọ kẹrosíìnì, tí kò ní òjé, tí ó sì ti wà ní àwọn pápá ńlá wa. A fara mọ́ irú èyí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ń darí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹnjiníà tí ó ti fi ogún ọdún mọ Lycoming ní láti padà sí kíláàsì, owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì yẹ kí ó wà nínú ìwé ìnáwó lọ́jọ́ kan náà tí a bá ra ọkọ̀.